Ọjọ́ Tí Pápà Kúrò Lórí Pápá

Nínú ìwé ètò ìsìnkú Pápà, ìlà kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù: "Wọ́n gbá bésíbọ́ọ̀lù nígbà èwe wọn." Ìlà mẹ́rin la fi ròyìn iṣẹ́ lẹ́tà pípín tí wọ́n ṣe ní àdúgbò Third Ward ní Houston fún ọgbọ̀n ọdún, ìlà mẹ́fà la sì fún ipò díákónì wọn. Èmi àti ìyá mi la jọ tẹ ìwé náà, nítorí náà mi ò lè bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n ni ìlà yẹn ti ń yọ mí lẹ́nu. Níbo ni wọ́n ti gbá a? Àwọn wo ni wọ́n jọ gbá a? Kí ló dé tí wọ́n fi dá a dúró? Láti kékeré ni mo ti ń bi Pápà láwọn ìbéèrè yìí. Wọn kì í lé mi, wọn kì í sì í dá mi lóhùn tán. Wọ́n á sọ díẹ̀ lónìí, ó di ọdún mìíràn kí n tó rí ìyókù gbọ́. Ohun tí mo rí kó jọ ni mo fẹ́ kọ síbí.

Pápà ni bàbá ìyá mi. Ámósì lorúkọ wọn. Ọmọ Améríkà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, abúlé kan ní ìlà-oòrùn Texas ni a bí wọn sí, níbi tí àwọn òbí wọn ti ń já òwú. Bàbá tèmi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ló gbé e dé Houston, ó pàdé ìyá mi níbẹ̀, ọ̀rọ̀ pípadà sílé sì tán. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá mi fi mí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, mo sì lo ọdún méje níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ mí lára. Gẹ̀ẹ́sì ni Pápà fi sọ gbogbo ohun tí mo máa kọ wọ̀nyí. Èmi ni mo ń bá wọn sọ ọ́ ní Yorùbá, mi ò sì rò pé inú wọn máa bàjẹ́ sí i. Wọ́n fẹ́ràn èdè náà ju bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó dùn mọ́ wọn jù. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa jọ ń jẹun, bàbá mi ń ṣàlàyé fún wọn pé ibi tí èèyàn ti ń gbá bọ́ọ̀lù, pápá là ń pè é.

"Báwo lo ṣe pè é?" ni Pápà wí.

"Pápá, sà. Orúkọ tí àwọn ọmọ ń pè yín, Pápà ni. Ibi tí ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù, pápá ni. Ohùn nìkan ló yàtọ̀."

Pápà gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Wọ́n pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n ń fi ọwọ́ gbé ohùn náà sókè, wọ́n ń fi ọwọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n wo bàbá mi tìyanu-tìyanu. "Ẹ ti sọ mí lórúkọ kí n tó mọ̀ yín rí."

Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lára wọn, torí pé òun ni wọ́n fi ń dì mí mú bí a bá fẹ́ kọjá títì. Ìka ìlábẹ̀ fara ti ìka àárín bí ẹni tó ti rẹ̀. Ìka òrùka tẹ̀ bí ìkọ́. Àtàǹpàkò ò ní èékánná. Lónìí, iṣẹ́ mi ni títún ọwọ́ àwọn tó fara pa ṣe ní ilé ìwòsàn, mo sì ti rí ọwọ́ tí ẹ̀rọ gbá mú àti ọwọ́ tí iná jó, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí èyí tó jọ ti Pápà.

Kí ẹni tí kò mọ eré náà má bàa ṣìnà: nínú bésíbọ́ọ̀lù, ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré tó le bí òkúta, ẹnì kan láti ẹgbẹ́ kejì á dúró pẹ̀lú igi láti gbá a. Lẹ́yìn onígi yìí, ẹnì kan á lóṣòó, á fi ìbòjú onírin bojú, á fi ìbọ̀wọ́ aláwọ tó nípọn sí ọwọ́ òsì, á máa gba gbogbo bọ́ọ̀lù tí igi bá tàsé mú. Àyè Pápà nìyẹn. Ọwọ́ òsì ní ààbò. Ọwọ́ ọ̀tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òfìfo, bí igi bá sì kàn fara kan bọ́ọ̀lù díẹ̀, ìka ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni bọ́ọ̀lù máa yà sí.

Ìgbà tí Pápà ń gbá bọ́ọ̀lù, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú kì í jọ jẹun, wọn kì í jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà, wọn kì í sì í jọ gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí ìwé ìròyìn ń kọ̀wé nípa wọn, ti àwọn aláwọ̀ funfun ni. Àwọn dúdú dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Pápà kò ní pápá tirẹ̀ pàápàá. Nínú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń gbé, láti ìlú dé ìlú, ibi tí wọ́n bá ti rí àyè ni wọ́n ti ń gbá a, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí ìka bá ṣẹ́, kò sí arọ́pò. Aṣọ ni wọ́n á fi dì í mọ́ ìka kejì rẹ̀, eré á sì máa lọ.

"Èyí ńkọ́?" ni mo máa ń béèrè, tí mo bá di ìka kan mú, wọ́n á sì dárúkọ ìlú tó ti ṣẹ́.

"Tulsa."

"Èyí?"

"Birmingham. Rárá, Mobile nìyẹn. Birmingham ni àtàǹpàkò."

"Ṣé ó dùn yín gan-an?"

Wọ́n máa ń rò ó dáadáa ná, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n rí, kí wọ́n tó sọ ohun kan náà: "Mi ò ráyè mọ̀. Bọ́ọ̀lù mìíràn ti ń bọ̀."

Ìlóṣòó náà ò kúrò lára wọn. Ní ọgọ́rin ọdún, bí wọ́n bá fẹ́ bá ọmọdé sọ̀rọ̀, wọ́n á lóṣòó wọ̀ọ̀, àwa tí kò tíì pé ogún ọdún ni a ó máa wá àga. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ayé, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò lára ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó wo ojú. Lọ́jọ́ tí bàbá mi kọ́kọ́ wá kí wọn ní Third Ward gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó ìloro ilé, pẹ̀lú kóòtù àti táì. Ìyá ìyá mi figbe ta, wọ́n rò pé àìsàn ló gbé ọmọkùnrin náà ṣubú, wọ́n ní kí ẹnì kan gbé omi wá. Pápà nìkan ni kò mira. Wọ́n wo bí ó ṣe lọ sílẹ̀, wọ́n wo bí ó ṣe dìde láì fi orúnkún wọ́lẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ìyá mi ṣe sọ ọ́, ohun tí wọ́n sọ nìyí: "Kò bẹ̀rù ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Ohun kan náà ló mú kí wọ́n fẹ́ràn ìjọ bàbá mi. Onítẹ̀bọmi ni Pápà, díákónì pátápátá, ṣùgbọ́n Aládùúrà ni bàbá mi, lọ́jọ́ ìkórè kan wọ́n sì bá wa lọ. Nígbà tí wọ́n rí i pé gbogbo èèyàn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn tàn. Wọ́n bọ́ tiwọn náà, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n sì wo ẹsẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Nígbà tí a ń padà bọ̀ lórí ọ̀nà márosẹ̀, bàbá mi béèrè bí wọ́n ṣe rí ìsìn náà sí. Wọ́n ní ó dára. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó gba àdúrà gígùn yẹn," ni wọ́n wí, "láti ìdajì àdúrà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá bàtà."

Nígbà tí mo wà ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí mi. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pín lẹ́tà ò lè ṣe kó má kọ ọ́. Lẹ́tà wọn kì í gùn, ìbéèrè ló máa ń kún inú rẹ̀. Kí ni ìyá bàbá mi máa ń sọ bí inú wọn bá ń bí wọn? Orí irú ilẹ̀ wo ni àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, iyanrìn ni àbí koríko? Ṣé mo ti rí ẹnì kan tó mọ nǹkan kan ṣe ju gbogbo àwọn yòókù lọ? Ta ni, kí sì ni nǹkan náà? Mo kọ̀wé nígbà kan pé àárò ilé ń sọ mí, pé mi ò fẹ́ràn ibẹ̀. Ìdáhùn wọn dé lẹ́yìn oṣù kan, gbólóhùn kan ni: "Bí o bá máa kórìíra ibẹ̀, kọ́kọ́ wò ó dáadáa, kí o lè ròyìn rẹ̀ fún mi."

Àwọn ìwà kan wà lára wọn tí kò rọrùn fún ìyá mi. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Pápà kì í wọ ọkọ̀ láì gbé àpò oúnjẹ: ẹyin bíbọ̀, agolo sàdíìnì, bísíkítì. Bí a bá kàn fẹ́ ti Pearland, níbi tí àwọn òbí mi ń gbé, lọ sí Humble, ìrìn tí kò tó wákàtí kan bí ọ̀nà bá já gaara, tí ilé oúnjẹ sì wà lọ́tùn-ún lósì, àpò náà á wà lórí itan wọn. Nígbà tí mo gba oyè ní yunifásítì, bàbá mi kó gbogbo wa lọ sí ilé oúnjẹ olówó iyebíye kan ní Sugar Land, èyí tó ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì. Kí oúnjẹ tó dé, Pápà ti mú ẹyin jáde nínú àpò kóòtù, wọ́n ń bó èèpo rẹ̀ sórí àwo.

"Dádì!" ni ìyá mi wí pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́. Lónìí nìkan."

Ìyá mi mọ ibi tí ìwà náà ti wá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní ayé bọ́ọ̀sì yẹn, ẹgbẹ́ wọn lè rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láì rí ilé oúnjẹ kan tó máa jẹ́ kí wọ́n jókòó. Bí ó bá dára fún wọn, ẹnì kan nínú wọn á rí búrẹ́dì rà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìyá mi ò fẹ́ kí ọjọ́ wọ̀nyẹn wá jókòó tì wá lórí aṣọ funfun yẹn. Pápà wò ó, wọ́n wo ẹyin náà, wọ́n dá a padà sínú àpò tìfẹ́tìfẹ́. "Ebi ò pa mí, ọmọ mi. Mo kàn fẹ́ mọ ibi tó wà ni."

Ìjà tó le jù láàárín àwọn méjèèjì, orí ìwé ló dá lé. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú àtijọ́ jọ, láti kà wọ́n mọ́ ti àwọn yòókù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá sílé Pápà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ó wá orúkọ wọn, kò rí i. Ẹgbẹ́ wọn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ń kiri, tí ẹnikẹ́ni ò kọ iye bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sílẹ̀. Inú bí ìyá mi débi pé gbogbo Sátidé ló fi ń lọ sí ilé ìkàwé láti yẹ ìwé ìròyìn àtijọ́ wò. Ó gbé fọ́tò ẹgbẹ́ náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ wọ́n fọhùn. Pápà ò ràn án lọ́wọ́ rárá.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé ẹ ò sí níbẹ̀ ni?" ni ìyá mi pariwo lọ́jọ́ kan.

"Àwọn tó ju bọ́ọ̀lù sí mi mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

Fún oṣù méjì gbáko, ìyá mi ń gbé oògùn wọn dé ẹnu ọ̀nà, kì í jókòó.

Èmi, ohun mìíràn ló gbà mí lọ́kàn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí olùwádìí náà wá. Kó tó lọ, ó bi Pápà ní ìbéèrè kan. "Sà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni yín nígbà tí ẹ dá bọ́ọ̀lù gbígbá dúró. Ara yín le. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú aláwọ̀ dúdú. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Pápà wo ojú fèrèsé. Oòrùn Houston ń jó títì gbẹ níta. "Òjò bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Irú òjò wo ló bẹ̀rẹ̀ tí kò dá mọ́ títí ìgbésí ayé èèyàn? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi wọ́n lẹ́yìn náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni wọ́n tó fún mi lésì: "Bí mo bá sọ ọ́, Mojí, ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni màá máa sọ."

Mo fi í sílẹ̀. Fọ́tò ìyá mi ni kò fi í sílẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí ooru ti ń rọlẹ̀, tí Pápà sì ti kó wá sọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Pearland, obìnrin kan pè láti Dallas. Ó ní bàbá òun rí fọ́tò náà, wọn ò sì jẹun láti àná. Kálébù lorúkọ wọn. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni wọ́n, àwọn ló ń ju bọ́ọ̀lù tí Pápà ń gbà mú. Wọ́n fẹ́ wá.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n dé, ọmọbìnrin wọn ló wakọ̀. Ọkùnrin gíga ni Bàbá Kálébù, ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn. Pápà jókòó sílé ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí àlejò wọlé, wọn ò kí ara wọn. Pápà ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ ti wú."

"Ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni mo ti fi rìn, Ámósì."

Ìyẹn ni gbogbo ìkíni tó wà níbẹ̀. Bàbá Kálébù jókòó. Wọ́n wo èmi àti ìyá mi, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ó ti sọ fún ọ?"

"Rárá, sà."

"Kò sọ? Títí di òní?"

"Ọ̀rọ̀ rẹ ni," ni Pápà wí.

Bàbá Kálébù di etí tábìlì mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí. Ẹgbẹ́ ńlá kan rán ọkùnrin kan wá láti wò mí. Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, láti máa wá agbábọ́ọ̀lù kiri. Ọjọ́ Àìkú ló máa wá. Mo sì ti ju bọ́ọ̀lù ní Sátidé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, inú bọ́ọ̀sì ni mo sùn. Nígbà tí mo jí, apá mi ti wú. Mo fi aṣọ bò ó. Ọ̀gá tó ni ẹgbẹ́ wa rí i, ó ní kí n jù ú bẹ́ẹ̀. Èmi náà fẹ́ jù ú. Ta ni kò ní fẹ́? Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin yẹn pe Ámósì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní méjì ni àwọn máa mú, torí kò sí aláwọ̀ funfun tó máa bá mi gbé yàrá. Ámósì ni ìkejì."

Mo yíjú sí Pápà. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Ẹni tó máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kejì ni wọ́n ń wá," ni Pápà wí. "Ṣùgbọ́n má rò pé mi ò ní lọ. Mo ti ra àpótí aṣọ tuntun."

Ìyá mi tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi yípadà. "Àpótí aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn? Èyí tí mo gbé lọ sí yunifásítì?"

Pápà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó tó ìlàjì eré," ni Bàbá Kálébù ń bá a lọ. "Mò ń jù ú, àwọn onígi ń tàsé, ọkùnrin yẹn ń kọ̀wé. Lójijì Ámósì dìde, ó bọ́ ìbòjú, ó rìn wá bá mi láàárín pápá. Ó ní, 'Fi ọwọ́ ọ̀tún ṣí fìlà rẹ.' Mo ní kí ló dé. Ó ní, 'Ṣí fìlà, Kálébù.' Ọwọ́ mi gòkè dé ibí yìí." Wọ́n fi ọwọ́ kan àyà wọn. "Kò kọjá bẹ́ẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì ṣí i, mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàwàdà. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi, ó tì í bọ àpò, ó di ìgbànú mi mú, ó ń fà mí lọ. Ọ̀gá wa sáré jáde. Ó ní, 'Ámósì, bí o bá kọjá ìlà yẹn, má padà wá mọ́.' Èrò ń hó, ìgò ń balẹ̀. Ó kọjá ìlà náà. Ọkùnrin tó wá wò mí pa ìwé rẹ̀ dé, ó lọ síbi mọ́tò rẹ̀. Kò tilẹ̀ béèrè ohun tó ṣe mí. Bọ́ọ̀sì gbé Ámósì dé ìlú tí rélùwéè ti ń kọjá, ó bọ́ọ́lẹ̀, mi ò sì rí i mọ́ títí di òní yìí."

"Apá yín ńkọ́, sà?" Mi ò lè dákẹ́, iṣẹ́ mi ni.

"Oṣù mẹ́rin ni mi ò fi lè ju nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni mo fi ṣépè fún un. Lọ́dún kejì ẹgbẹ́ ńlá mìíràn wá, mo lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo gbá a lọ́hùn-ún. Dókítà wọn yẹ apá náà wò, ó ní bí mo bá jù ú sí i lọ́jọ́ yẹn, iṣan náà ì bá já kúrò lára egungun. Nígbà náà ni mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀," ni ìyá mi wí, ohùn rẹ̀ le. "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì kọ̀wé sí wọn? Ẹ mọ̀ pé Houston ni wọ́n wà?"

"Mo ní àdírẹ́sì. Mo wà lókè níbẹ̀, òun ń gbé lẹ́tà kiri. Kí ni mo fẹ́ kọ, ọmọ mi? Ẹ ṣé?"

Lẹ́yìn náà, Bàbá Kálébù yíjú sí Pápà, mo sì rí i pé ìbínú kan ṣì kù níbẹ̀, ìbínú ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. "Síbẹ̀, apá mi ni, Ámósì. Ó yẹ kí o jẹ́ kí èmi fúnra mi pinnu."

"O ti pinnu," ni Pápà wí. "Ìpinnu rẹ ò dáa."

Bàbá Kálébù bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu wọn, ọmọ wọn ń gbá wọn lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ìyá mi gbé ìrẹsì àti adìyẹ wá. Àwọn àgbà méjèèjì jẹun, wọ́n sì fi gbogbo ọ̀sán jiyàn lórí irú igi tí ẹnì kan tó ti kú ń lò.

Nígbà tí ọkọ̀ Dallas lọ, mo bá Pápà jókòó. Ìbéèrè kan ṣì kù lọ́kàn mi. Mo ní, "Pápà, bí ó bá jẹ́ òní, ṣé ẹ tún máa ṣe é?"

Mo rò pé wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rò ó pẹ́. "Gbogbo àwọn yòókù lórí pápá, èmi ni wọ́n kọjú sí," ni wọ́n wí. "Èmi nìkan ni mo kọjú sí gbogbo wọn. Mo rí ojú Kálébù dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa, àti ọkùnrin tó ń kọ̀wé, ẹ̀yìn mi ni wọ́n jókòó sí. Bóyá ká ní mo rí wọn ni, ǹ bá má dìde."

Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni tó kábàámọ̀, wọn ò sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń yangàn. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń ṣe ní kàyéfì. Títí di ìsinsìnyí, mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Mi ò rò pé àwọn fúnra wọn mọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, wọ́n sùn lọ́sàn-án lórí àga, wọn ò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n. Ìjọ wọn ní Third Ward kún dẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará ìjọ bàbá mi náà wá, àwọn tí Pápà ti pín lẹ́tà fún rí náà wá pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Bàbá Kálébù wá láti Dallas.

Létí sàréè, pásítọ̀ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀. Bàbá Kálébù fi ọ̀pá onírin wọn rìn síwájú díẹ̀díẹ̀, ọmọ wọn fẹ́ dì wọ́n mú, wọ́n ní kó fi àwọn sílẹ̀. Wọn ò wo àwa èèyàn. Ìyá mi ni wọ́n wò.

"Ohun kan wà tí mi ò sọ nílé ìdáná yín," ni wọ́n wí. "Nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí, mo sì ń bú u. Mo bú ìyá rẹ̀, mo bú bàbá rẹ̀. Ó jẹ́ kí n bú u tẹ́rùn. Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ ọ̀gá márùn-ún, gbogbo wọn ló ń bi mí pé ìgbà wo ni mo tún lè jù ú. Ámósì ò bi mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èébú tán lẹ́nu mi, ó ní, 'Níbo gan-an ló ń dùn ọ́?' Mo sì fi hàn án."